Kí Ṣọ́jà Tó Gbéra: Bí A Ṣe Ń Tún Ìbẹ̀wò Ọmọ Tò Nígbà Tí Òbí Kan Bá Ń Lọ Ojú Ogun

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ṣọ́jà kan wọlé. Ó gbé báàgì aláwọ̀ ewé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun fẹ́ kí n bá òun tẹ ìwé kan kí aago méjìlá tó lù, torí òun gbọ́dọ̀ dé bárékè Sóbì ní Ìlọrin lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìwé wo? Ìwé pé kí ìyá ọmọ òun máa jẹ́ kí ìyá òun rí ọmọ ní gbogbo Sátidé títí òun yóò fi dé. Mo ní ìyá ọmọ ńkọ́. Ó ní ó wà ní Tàkíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, níbi tó ti ń tajà, òun kò tíì sọ fún un.

Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni mí nígbà náà. Mo mọ̀ pé ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo fọwọ́ sí kò lè de ẹnì kejì lọ́wọ́. Mo bá a tẹ̀ ẹ́ ṣá. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ìyá ṣọ́jà gbé ìwé náà padà wá bá mi. Wọ́n ti ká a sí mẹ́rin, wọ́n so ó mọ́ etí ìró. "Akọ̀wé, ìyá ọmọ ní ọmọ mi ni òun ń bá sọ̀rọ̀ ọmọ, pé òun kò bá èmi ní àdéhùn kankan."

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ wọ́n ṣì ń wá kan ilẹ̀kùn mi. Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà sí bárékè. Sóbì wà ní Ìlọrin, Òdògbó wà ní Òjóò tí a óò kọ́kọ́ kàn kí a tó wọ àárín Ìbàdàn. Iṣẹ́ ológun kò sì ṣàjèjì sí Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété. Ọmọ ìlú yìí ni bàbá Ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé tí wọ́n ń pè ní Àkéekèe Dúdú nígbà ogun abẹ́lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kàdúná ni wọ́n bí ọ̀gágun fúnra rẹ̀ sí ní 1936. Ohun tí mo ń kọ yìí wà fún bàbá àti ìyá tí wọn kò gbé pọ̀ mọ́, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ṣọ́jà. Bàbá ni mo sábà máa ń rí, òun ni mo sì fi ń kọ ọ́. Bó bá jẹ́ ìyá ló wọ aṣọ ológun, ẹ kàn yí i padà bí ẹ ṣe ń kà á.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn bá dé

Ìyá ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Kì í ṣe ọ̀rẹ́, kì í ṣe pásítọ̀ tàbí àlùfáà. Ohun tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ará àdúgbò. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ kan tí ń kọ àwòkọ́ṣe òfin fún àwọn ìpínlẹ̀ gbé ọ̀kan jáde ní 2012 lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ìpínlẹ̀ mélòó kan sì ti sọ ọ́ di òfin. Níbẹ̀, òbí tó ń lọ ní ọjọ́ 7, láti ìgbà tí iṣẹ́ bá ti jẹ́ ẹ, láti fi tó òbí kejì létí, àfi bí nǹkan gidi bá dá a dúró. Ọjọ́ méje yìí wù mí. Òun ni mo máa ń ní kí àwọn tiwa náà lò.

Ohun tí ẹ ó sọ kò pọ̀: oṣù tí ẹ ó lọ, iye oṣù tí ẹ rò pé ẹ ó lò, àti bóyá fóònù yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ má dárúkọ ibùdó. Ẹ má sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra tàbí ọ̀nà tí yóò gbà. Ẹ má sì gbé e sórí WhatsApp, torí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀wò ọmọ kò nílò èyíkéyìí nínú wọn.

Ọmọ ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ oṣù mẹ́ta yàtọ̀ sí ọdún mẹ́ta. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ sọ fún un. Ọmọ ọdún mọ́kànlá gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ó sì gbọ́dọ̀ tètè gbọ́. Ẹ má parọ́ pé Èkó ni ẹ ń lọ. Ọmọ yóò máa retí ẹni tó lọ sí Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ẹ wo ìwé tó wà nílẹ̀

Ibi tí ẹ ó gbà dá lórí bí ẹ ṣe pínyà. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tí kóòtù ìbílẹ̀ tú, kóòtù yẹn náà ni kí ẹ padà sí. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó rẹ́jísìrì, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé ẹ̀rí ìjọba, kóòtù gíga ló ni í. Òfin ìgbéyàwó ti 1970, abala 71, sọ pé ire ọmọ ni kóòtù gbọ́dọ̀ fi ṣáájú ohun gbogbo. Bó bá jẹ́ pé ẹnu lásán ni ẹ fi ṣe ètò, tí àwọn àgbà ilé méjèèjì jókòó tì í, inú yín lè dùn díẹ̀, torí kò sí ìdájọ́ tí ẹ máa tún. Ẹ kàn máa kọ ti tuntun ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ti àwọn tó ti ní ìdájọ́ lọ́wọ́. Kóòtù ti sọ pé bàbá ni yóò máa rí ọmọ ní Sátidé, àwọn méjèèjì wá fẹnu yí i padà lórí fóònù. Bí ìjà bá dé, ohun tó wà nínú ìdájọ́ ni adájọ́ máa kà. Ọ̀rọ̀ fóònù kò lè pa ìwé kóòtù rẹ́. Kóòtù tó ṣe ìdájọ́ ni kí ẹ ní kó tún un ṣe, kí ẹ sì jọ lọ, torí ìbéèrè tí òbí méjèèjì jọ mú wá kì í pẹ́ tó èyí tí wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, èyí tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé tirẹ̀ jáde ní 2006, jẹ́ kí bàbá tàbí ìyá lè bẹ kóòtù pé kó sọ ẹni tí ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ àti bí òbí kejì yóò ṣe máa rí i. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà: bàbá tàbí ìyá. Kò dárúkọ ìyá àgbà, kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n. Ìdí kejì nìyẹn tí ìwé tí ìyá ṣọ́jà so mọ́ etí ìró kò fi lágbára. Àwọn èèyàn wa á ní ọmọ ilé àwọn ni, ti bàbá ni ọmọ. Ó dára bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, àmọ́ níwájú adájọ́ ire ọmọ ni yóò sọ̀rọ̀.

Ta ni yóò dúró sí ipò yín?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Bàbá lọ, ọjọ́ ìbẹ̀wò rẹ̀ ṣófo. Ilé bàbá rò pé àwọn ló jogún ọjọ́ yẹn, ìyá ọmọ sì rò pé ó ti padà di tòun. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀rí ọkàn tó mọ́.

Àwòkọ́ṣe òfin Amẹ́ríkà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ kí òbí tó ń lọ fi àsìkò tirẹ̀ lé àgbàlagbà kan lọ́wọ́: ẹbí ọmọ, tàbí ẹlòmíràn tí òun àti ọmọ ti mọwọ́ ara wọn. Ṣọ́jà Amẹ́ríkà tó bá ń dá tọ́mọ tilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní DA 5305. Àwọn ọmọ wa tó wà nínú ṣọ́jà Amẹ́ríkà, tí ọmọ wọn wà nílé níbí, kí wọ́n má fi fọ́ọ̀mù yẹn ṣeré.

Ẹni tí ẹ máa yàn, kí ó jẹ́ ẹni tí ọmọ ti sùn nílé rẹ̀ rí. Ọ̀gá àgbà ilé kọ́ ni mo ń sọ, ẹni tí ọmọ máa sáré pàdé ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó jẹ́, pẹ̀lú ẹnì kejì tí yóò rọ́pò rẹ̀ bí ó bá ń ṣàìsàn. Bí ìyá yín bá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tí ilé wọn sì kọjú sí títì tí ọ̀kadà ń gbà, ẹ ro ti ọmọ ọdún mẹ́ta kí ẹ tó dá wọn dá a. Ẹni tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ kọ́ ni kí ẹ yàn. Mo mọ̀ pé inú á bí àwọn kan, àmọ́ mi ò tíì rí ibi tó ti yọrí sí rere.

Ẹ tún sọ ohun tí aṣojú kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ó lè gba ọmọ, kó fún un lóńjẹ, kó gbé e lọ sí ọsibítù bí ara rẹ̀ kò bá yá, kó sì pe ìyá lójú ẹsẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ilé ìwé ọmọ. Kò gbọ́dọ̀ mú un kúrò ní ìlú láìgbàṣẹ. Kò gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́ fún un, kò gbọ́dọ̀ fá orí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ mú un lọ ṣe ìrìbọmi níbòmíràn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbẹ́rẹ́ mẹ́ta péré ló tú ètò kan tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì bá wọn tò.

Mo gbọ́dọ̀ sọ tẹnu ìyá ọmọ náà. Nígbà tí mo lọ bá a ní Tàkíé, ó fa àpótí fún mi jókòó. "Bàbá, mi ò kórìíra Màmá. Wọ́n mú ọmọ lọ sóko lẹ́ẹ̀kan, ó di ọjọ́ kẹta kí n tó rí i, fóònù wọn ò wọlé." Ó bẹ̀rù pé ọmọ kò ní padà, bẹ́ẹ̀ ìyá ṣọ́jà ń bẹ̀rù pé ọmọ yóò gbàgbé àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù: wákàtí méjì ní Sátidé, níbi àtẹ ìyá ọmọ gan-an, kí Màmá wá jókòó ti ọmọ lórí àga, kí wọ́n jọ jẹun. Oṣù kẹta tí a bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ni Màmá mú un délé fún ìgbà àkọ́kọ́. Aago márùn-ún ni wọ́n fi sí ìpadà. Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n dá a padà, tí wọ́n sì ń wo ojú ìyàwó ọmọ wọn.

Ìwé náà fúnra rẹ̀

Èdè lọ́yà kò pọn dandan. Mo ti rí ìwé olójú ewé mẹ́sàn-án tí kò sọ aago tí ọmọ yóò dé. Àpẹẹrẹ eléyìí ni mo máa ń fún wọn, kí wọ́n wá fi orúkọ àti ọjọ́ tiwọn sí i:

"Àwa bàbá àti ìyá ọmọ yìí fohùn ṣọ̀kan pé ọdọ̀ ìyá ni ọmọ yóò máa gbé ní gbogbo àkókò tí iṣẹ́ ológun bá fi gbé bàbá lọ. Ní Sátidé kìíní àti ìkẹta oṣù, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọmọ yóò wà lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀. Ìyá bàbá ni yóò wá mú un, òun náà ni yóò dá a padà. Bí ara wọn kò bá yá, àbúrò bàbá tí a kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ yìí ni yóò rọ́pò wọn, kò sí ẹlòmíràn. Ní Iléyá, ọmọ yóò wà lọ́dọ̀ ìyá bàbá ní ọjọ́ kejì ọdún. Bí bàbá bá dé, ètò yìí yóò dópin ní ọgbọ̀n ọjọ́, ètò àtijọ́ yóò sì padà bọ̀ sípò. Àìsínílé bàbá nítorí iṣẹ́ yìí kò túmọ̀ sí pé ó ti kọ ọmọ sílẹ̀."

Iléyá ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ ọjọ́ oṣù, torí lọ́dọọdún ni ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé ju ti ọdún tó kọjá lọ. Àwọn ọlọ́dún Kérésì kò ní ìṣòro yẹn.

Gbólóhùn méjì tó gbẹ̀yìn ìwé náà ni ẹ kò gbọ́dọ̀ yọ. Ọ̀kan ń sọ pé ètò onígbà díẹ̀ ni èyí. Èkejì ń dí ẹnu ẹni tí yóò sọ lọ́dún méjì sí i pé "ó ti pẹ́ tó ti fi ọmọ sílẹ̀ fún mi."

Kí ẹ méjèèjì fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì, ọ̀kan láti ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ ẹ̀dà mẹ́rin: ti bàbá, ti ìyá, ti aṣojú, àti ti ilé ìwé, kí tíṣà mọ ẹni tó lè wá mú ọmọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí kóòtù kí wọ́n sọ ọ́ di ìdájọ́ tí ẹ jọ gbà. Ìwé àdéhùn lásán dára ju òfìfo lọ, àmọ́ ìdájọ́ ni ọlọ́pàá àti ilé ìwé ń bọ̀wọ̀ fún. Bí ẹ kò bá gbọ́ra yín yé, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn wẹ́fíà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ. Wọ́n ti rí i rí.

Ohùn lórí fóònù

Ọ̀pọ̀ ṣọ́jà wa tó ń lọ Òkè Ọya, Maiduguri ni, lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Hadin Kai láti 2021. Lafiya Dole ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Láàárín ìlú, nẹ́tíwọọ̀kì wà. Bí wọ́n bá ti kọjá ìlú, ó lè dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ìwé pé bàbá yóò pè ní aago méje gbogbo alẹ́. Ọmọ yóò jókòó ti fóònù ní aago méje, kò ní pè, ọmọ yóò sùn pẹ̀lú omijé. Ẹ kọ ọ́ pé láàárín aago márùn-ún sí mẹ́jọ, ìgbàkígbà tó bá wọlé, kí wọ́n gbé e fún ọmọ. Àwọn tó bá wà ní Gáḿbíà, kí wọ́n rántí pé aago ibẹ̀ fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa.

Ohùn tí a gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp ló dára jù lójú tèmi. Ó máa ń dúró de nẹ́tíwọọ̀kì, ọmọ sì lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ má ṣe fi béèrè ẹ̀kọ́ ìṣirò nìkan. Bàbá kan sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òòrùn ti wọ̀ lọ́dọ̀ òun, ọmọ náà wo ìta, ó ní irọ́ ni, òòrùn ṣì wà. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ: Maiduguri wà níhà ìlà oòrùn, òòrùn sì ń fi nǹkan bí ìdajì wákàtí wọ̀ níbẹ̀ ṣáájú tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ aago kan náà ni a ń lò. Láti ìgbà náà, eré wọn nìyẹn: ta ni òòrùn rẹ̀ máa kọ́kọ́ wọ̀?

Ní oṣooṣù, kí ìyá tàbí aṣojú gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé ìwé, kí wọ́n fi bírò yí i ká, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí bàbá, kó lè rí bí ọmọ ṣe ń dàgbà.

Ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, bí ìpè ọmọ bá wọlé, ẹ má fi béèrè owó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀ tán, kí ẹ wá pè padà.

Owó

Owó oúnjẹ kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì ìbẹ̀wò. Bí owó bá pẹ́, ìyá kò gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ ti ọmọ mọ́lé. Bí wọn kò bá jẹ́ kí Màmá rí ọmọ, bàbá kò gbọ́dọ̀ dá owó dúró. Ẹ sọ fún báǹkì kó máa yọ ọ́ lóṣooṣù fúnra rẹ̀, kó má di ohun tí nẹ́tíwọọ̀kì yóò pinnu.

Bí páàsì bá jáde lójijì

Páàsì ni ìwé tí wọ́n fi ń yọ̀ǹda ṣọ́jà láti wálé. Wọ́n lè fọwọ́ sí i lónìí kí bàbá gbéra lọ́la, ìrìn Maiduguri sí Ògbómọ̀ṣọ́ yóò sì jẹ nínú ọjọ́ náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé bí bàbá bá fi tó ìyá létí, ọmọ yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ilé ìwé àti ní òpin ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pa ilé ìwé jẹ. Kí ẹ sì kọ ọ́ pé ọjọ́ páàsì yẹn kò gba Sátidé Màmá. Àwọn méjèèjì lè jọ wà níbẹ̀.

Bí kò bá sí ìròyìn

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ológun gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó súnmọ́ jù ni wọ́n máa pè, kì í ṣe ìyá ọmọ tí ẹ ti kọ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni yẹn ní nọ́ńbà ìyá ọmọ, kí ìyá ọmọ sì ní tirẹ̀. Ẹ fẹnu kò ṣáájú lórí ẹni tí yóò jókòó ti ọmọ bí ìròyìn bá burú. Mo mọ̀ pé ẹnu kì í gbà á láti sọ. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má padà sí i mọ́.

Nígbà tó bá dé

Ohun tí ṣọ́jà tó dé máa ń kọ́kọ́ ṣe ni ìṣirò: Sátidé méjìlélógún ni wọ́n jẹ òun, ẹ gbé ọmọ wá. Ọjọ́ ọmọ kì í ṣe gbèsè. Ọmọ tó fi ọ̀pọ̀ oṣù gbọ́ ohùn nìkan lè sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, kó má mọ òórùn ara yín mọ́. Wákàtí méjì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, níbi tí ojú ọmọ ti mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ọjọ́ kan gbáko. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin kó tó sùn lọ́dọ̀ yín. Ìdí ọgbọ̀n ọjọ́ tó wà nínú ìwé nìyẹn. Bí ẹ bá ń pariwo lójú oorun, tí ilẹ̀kùn tó gbá ń mú yín fò dìde, ẹ jẹ́ kí ìbẹ̀wò wà ní ọ̀sán nìkan, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Kì í ṣe ìtìjú, ìyá ọmọ kò sì gbọ́dọ̀ fi ṣe ohun ìjà ní kóòtù.

Ṣọ́jà báàgì aláwọ̀ ewé dé lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá. Tàkíé ni mo ní kó lọ, níbi àtẹ. Ó ra bàtà funfun bọ̀, sáìsì 27, iye tó bá ẹsẹ̀ ọmọ mu nígbà tó ń lọ. 29 ni ẹsẹ̀ ọmọ ń wọ̀. Ó jókòó sórí àga tí ìyá rẹ̀ ti ń jókòó, ó di bàtà náà mú lórí itan, kò mọ ohun tí yóò ṣe sí i. Ọmọ náà dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó jáde wá, ó gba bàtà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ̀ ọ́ bíi sílípáàsì, ó sì rìn dé ibi àtẹ alátarodo lọ àti bọ̀.